Bí ẹ ṣe lè bá ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú sódabì tàbí tramadol la ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ já

Ní Kétu níbí, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí ọmọkùnrin kan bá ń mu sódabì, ìyẹn ògógóró, láàárọ̀ kùtù kó tó gbé zémijàn rẹ̀, alùpùpù tó fi ń kérò, jáde, àwọn ará ilé á ní ọtí lásán ni, ṣebí bàbá rẹ̀ náà mu ún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kàn bá sáṣẹ́ẹ̀tì tramadol kan, oògùn ìrora, lápò rẹ̀, ariwo á ta, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kútọnu, wọ́n á sì máa wá kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa fi tì í mọ́lé. Bó bá jẹ́ ti jíjáwọ́ la ń sọ, ibi tí kò yẹ ni wọ́n gbé ẹ̀rù sí. Ọ̀sẹ̀ tí ènìyàn bá fi tramadol sílẹ̀ máa ń nira gan-an, àmọ́ kì í sábà pa ènìyàn. Ẹni tó ti ń mu sódabì láti òwúrọ̀ dalẹ́ fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n wá fipá gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, lè kú kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe. Àwọn ará ilé ni mo kọ èyí fún, ìyá, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wádìí ohun tó ń lò gan-an

Ẹ má bi í lójú àwọn àgbà. Bí bàálé àti àwọn àbúrò bàbá bá jókòó yí i ká, ìtìjú á jẹ́ kó pín iye tó ń lò sí méjì, ìdajì yẹn ló sì máa sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó fọkàn tán mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ dá, kó bi í pé kí ló ń lò, mélòó lójúmọ́, láti ìgbà wo, kí ló ń dà á pọ̀ mọ́. Kó bi í bóyá ó ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ rí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Kó bi í bóyá gìrì ti mú un rí. Lẹ́yìn náà, kó wá béèrè wákàtí tó lò ó kẹ́yìn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí wákàtí yẹn la ó máa kà láti ibi yìí lọ.

Ẹ wá sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn náà, ẹ má sọ ọ́ nù. Ìyá kan tú etí ìró rẹ̀ níwájú mi, ó sì fa èyí tó bá lábẹ́ ẹní ọmọ rẹ̀ jáde, hóró mẹ́rin ló ti yọ nínú mẹ́wàá. Òun rò pé oògùn ẹ̀yìn ríro ni, torí ohun tí ọmọ sọ fún un nìyẹn. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, 225 ni wọ́n tẹ̀ sára bébà fàdákà náà. Èyí tí fáámásì ń tà ní wẹ́wẹ́ sábà máa ń jẹ́ 50 mílígíráàmù, àgbàlagbà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 400 lóòjọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún un. Hóró kan nínú ti ọmọ yẹn ju mẹ́rin ti fáámásì lọ. Méjì lójúmọ́, ó ti kọjá ààlà. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn sáṣẹ́ẹ̀tì ju orúkọ tó wà níwájú lọ. Kódà nọ́ńbà náà lè parọ́, torí oògùn tó gba ọ̀nà fàyàwọ́ wọlé, kò sẹ́ni tó wọn ohun tó wà nínú rẹ̀.

Oògùn gidi ni tramadol o. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní 1977, fún ìrora. Íńdíà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó ń wọ ìhà ọ̀dọ̀ wa ti ń wá, fi í sábẹ́ òfin tó ń ṣọ́ oògùn olóró ní 2018. Ìjọba wa náà ya wọ ọjà oògùn Adjégounlè ní Kútọnu ní 2017, wọ́n sì kó oògùn ayédèrú lọ. Síbẹ̀ ẹni tó bá wá a ń rí i. Àwọn tó ń gbé ènìyàn, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn tó ń ru ẹrù kọjá bọ́dà Ìlárá, ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé kì í jẹ́ kó rẹ àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó máa ń pa ìrora àti àárẹ̀ mọ́lẹ̀, ara kò sì ní mọ̀ pé òun ń bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pinnu bóyá ilé ni tàbí ilé ìwòsàn

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ jáwọ́ nílé rárá. Ẹni tó máa ń mutí láàárọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n wà nínú wọn, àti ẹni tí gìrì ti mú rí, àti ẹni tó ń gbé Valium, oògùn oorun tí wọ́n tún ń pè ní diazepam, mì lójoojúmọ́ láti bí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo nǹkan méjì pọ̀, bí tramadol pẹ̀lú ọtí, kí ẹ máa gbé e lọ. Aboyún náà ń kọ́? Ẹ má jẹ́ kó dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, oyún lè bàjẹ́. Ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí epo, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, ẹni tí tramadol rẹ̀ kọjá 400 lóòjọ́, àti ẹni tó bá sọ pé ayé ti sú òun, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí gbogbo wọn.

Láti Kétu, ilé ìwòsàn àgbègbè wa wà ní Pobè. Àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé-Plateau nítòsí. Fún èyí tó bá ti dé orí, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Kútọnu, Jacquot ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ojú máa ń ti àwọn ènìyàn láti gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n á ní ọmọ àwọn kì í ṣe wèrè. Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bó bá jẹ́ sódabì

Títí tí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn, ẹ má gba gbogbo ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́sìn kan máa bínú sí gbólóhùn yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọtí máa ń tẹ ọpọlọ lórí ba, ọpọlọ náà á sì máa ta kò ó lọ́sàn-án lóru. Bí ọtí bá kúrò lójijì, ìtakò yẹn ló máa ṣẹ́ kù, kò sì sí ohun tó máa dá a dúró.

Láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn ìmu ìkẹyìn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, èébì á máa gbé e, kò ní lè sùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe tó, ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kẹ́ ẹ wá tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Bí bébà bá ń gbọ̀n, ẹ ti ń pẹ́. Láti wákàtí kẹfà títí dé ìkejìdínláàádọ́ta ni gìrì lè mú un. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni èyí tó burú jù máa ń dé. Ibà á mú un, kò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ilẹ̀ ti ṣú, á máa ta kòkòrò tí ẹlòmíì kò rí kúrò lára aṣọ rẹ̀, á máa bá ẹni tó ti kú sọ̀rọ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń yà kúrò lọ́nà. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti di ti ayé, àwọn àgbà ilé bàbá rẹ̀ ló ń jà á. Wọ́n á gbé e lọ sí orí òkè àdúrà, wọ́n á ní kó gbààwẹ̀ láìmu omi. Ẹ gbàdúrà, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹ gbà á lójú ọ̀nà Pobè. Nílé ìwòsàn, diazepam ni wọ́n sábà máa fún un láti fi pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí ẹnu yín sọ ní kété tẹ́ ẹ bá wọlé. Ẹ sọ pé ọ̀mùtí ni kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára. Vitamin B1 kì í tó lára ẹni tó ń mutí láìjẹun, omi ṣúgà tó bá ṣáájú rẹ̀ lè ba ọpọlọ jẹ́, ojú á máa yí, ẹsẹ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, iyè rẹ̀ lè má padà mọ́. B1 ni kó ṣáájú. Bí èrò bá pọ̀ ní yàrá pàjáwìrì, ẹni tó gba aláìsàn lè má rántí béèrè, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́.

Àgbo ń kọ́? Ẹ bi ẹni tó se é pé kí ló fi rẹ ẹ́. Èyí tó pọ̀ nínú àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti ti ẹ̀yìn ríro tí wọ́n ń tà lọ́jà, inú sódabì ni egbò rẹ̀ wà. Ẹni tó fi ìgò sílẹ̀ tó wá ń mu àgbo bẹ́ẹ̀ kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bó bá jẹ́ tramadol

Ọ̀nà méjì ni tramadol ń gbà ṣiṣẹ́ lórí. Apá kan jọ ti mọ́fíìnì, òun ló ń pa ìrora. Apá kejì ń ti àwọn èròjà ọpọlọ tó ń mú inú dùn, tó sì ń jẹ́ kí ara yá, sókè. Apá kejì yìí ni wọ́n rò pé ó fà á tó fi ń fa gìrì fún ẹni tó bá lò ó jù, òun náà ló sì fà á tí jíjáwọ́ rẹ̀ fi máa ń mú àyà jíjá, ara híhó, àti ìgbà mìíràn, ohùn tí kò sẹ́ni tó ń fọ̀ ọ́.

Ohun tó dára jù ni kí dókítà bá a dín in kù. Wọ́n á gbé e kúrò lórí tọjà bọ́ sórí ti fáámásì tí ìwọ̀n rẹ̀ dájú, wọ́n á wá máa yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì-méjì. Ó lè gba oṣù. Ẹ jẹ́ kó gbà á.

Bó bá jẹ́ pé ó ti dá a dúró lójijì ná, báyìí ló ṣe máa ń rí. Láàárín wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún, á máa yán ṣáá, ikun á máa sun, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, ara rẹ̀ á le pọ́npọ́n bíi ti adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni egungun ríro, inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé sójú kan lóru. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló burú jù, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń padà sí i ní ọjọ́ kẹta, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn náà ti fẹ́ máa rọlẹ̀. Ẹ sọ èyí fún un ṣáájú. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ara á ti fúyẹ́ púpọ̀. Oorun àti ìdùnnú ló máa pẹ́ kí wọ́n tó padà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni.

Iṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ yẹn kò ṣòro. Omi ni àkọ́kọ́. Bí ìgbẹ́ àti èébì bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ po omi tó mọ́ líítà kan pẹ̀lú ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ, kó máa mu ún ní ìgbà kéékèèké. Ẹ̀kọ gbígbóná, ògì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìwẹ̀ ń ran egungun àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Fún ìrora, paracetamol ti 500, hóró méjì, kó tó wákàtí mẹ́fà kó tó tún lo òmíràn, kó má kọjá mẹ́jọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ kò gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì. Fún ìgbẹ́, loperamide wà ní fáámásì, kó tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Ẹ má lọ ra Valium lọ́jà kó lè sùn. Ẹ má fi omi oògùn ikọ́ tó ní codeine rọ́pò. Ìdílé méjì nínú mẹ́ta tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ló ti ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Nípa Valium fúnra rẹ̀, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹni tó bá ti mọ́ lára kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, gìrì rẹ̀ jọ ti ọtí. Torí pé ó máa ń pẹ́ lára, ìpọ́njú rẹ̀ lè má tètè yọjú, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, tí gbogbo ilé á ti máa dúpẹ́ pé ó ti tán. Dókítà ló ń dín in kù.

Ẹni tó jáwọ́ nínú igbó mímu ń kọ́? Inú á máa bí i, oúnjẹ kò ní wù ú, àlá burúkú á máa dà á láàmú, láti ọjọ́ kìíní kejì títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. A lè ṣe é nílé. Bó bá ti ń gbọ́ ohùn tàbí tó ń sọ pé wọ́n ń lépa òun, ẹ gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má so ó

Mo ti rí ọrùn ọwọ́ tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti jẹ dé inú ẹran. Bí gìrì bá mú ẹni tí wọ́n so mọ́ òpó, apá á kán, orí á fọ́. Bó bá bì níbi tí kò ti lè yí ẹ̀gbẹ́ padà, èébì á dí i lọ́fun. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń tún táyà ṣe ní Bouaké kó tó dá Saint-Camille sílẹ̀, ti lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́nu títú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ibùdó Saint-Camille kan sì wà ní Avrankou, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Bó bá ń jà, ẹ kó ọ̀bẹ, àdá àti gbogbo oògùn kúrò nínú yàrá, kí ẹni méjì máa gba ìṣọ́ fún ara wọn, kí ọmọdé má sùn níbẹ̀. Bí ẹni méjì kò bá lè mú un dúró, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé.

Bí pàjáwìrì bá dé

Bí gìrì bá mú un, ẹ wo aago. Ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́bàá rẹ̀, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. Ṣíbí kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, epo pupa kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, ìtọ̀ màlúù tí àwọn àgbà máa ń dà kò gbọ́dọ̀ wọ ọ́. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ọkọ̀. Kódà bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré, ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bó bá jẹ́ pé ó lò ó jù, ọmọ ojú rẹ̀ á kéré tíńtín, á máa hanrun lọ́nà tí kò dà bí ti oorun, èémí á jìnnà síra, ètè á ṣú. Ẹ pè é, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní mílíìkì. Nílé ìwòsàn, naloxone ni wọ́n fi ń dá èémí padà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ máa ń tètè tán ju ti tramadol lọ. Nítorí náà, bó bá dìde tó ní ara òun ti yá, òun ń lọ ilé, ẹ má gbà fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà

Ẹ jẹ́ kó gbọ́ èyí létí ara rẹ̀ kó tó jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń gbé mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, tó bá tún gbé mẹ́rin mì lọ́jọ́ tó padà, èémí rẹ̀ lè dúró lóru láìsí ẹni tó mọ̀. Àwọn kan ní sísọ ọ́ fún un dà bí ìyọ̀ǹda. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀.

Bó bá tún mu ún, ẹ má pe ìpàdé ẹbí. Ẹ bi í ìgbà tó mu ún àti iye tó mu, kó sì padà lọ rí dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ló kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oní-zémijàn wọ̀nyí, ọkọ̀ kì í ṣe tiwọn, owó kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún ẹni tó ni ín lójoojúmọ́, owó yẹn ló ń gbé wọn sùn sí òpópónà di àárín òru, òun náà ló gbé hóró àkọ́kọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ nínú ẹbí lọ bá olówó ọkọ̀ náà, kó bẹ̀ ẹ́ kó dá iye tó ń gbà dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì gba ìdajì fún oṣù kan lẹ́yìn náà. Ẹ gbé àdéhùn náà sórí ìwé. Títí tí oorun rẹ̀ á fi tó wákàtí mẹ́fà lóru, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.